Ta ni ẹ́ńjìnnì bàálù ti kú mọ́ lójú ọ̀run rí?

Arìnjìnnà: Ẹlẹ́ńjìnnì kan ni mò ń wí o. Ẹ bá wa sọ ọ́.

Alájọrìn: Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Bàálù kékeré Cessna 172 ni, àwa mẹ́ta, èmi ni mo jókòó ti páílọ́ọ̀tì. A ti wà ní ẹsẹ̀ bàtà 3,000 nígbà tí ọ́ìlì bẹ̀rẹ̀ sí í ta sójú gíláàsì bí òjò tó ń ṣẹ́ wíníwíní. Kò pẹ́, gíláàsì dúdú. Nǹkan wá dún gbàù! Abẹ̀bẹ̀ iwájú dúró gbagidi. Ẹ ò mọ bí ìdákẹ́jẹ́ ṣe ń bani lẹ́rù. Páílọ́ọ̀tì ò tiẹ̀ wò mí. Ó tẹ imú bàálù wálẹ̀, ó pe "Mayday" (ẹ gbà wá o!) lórí rédíò lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ní kí n bọ́ bàtà mi kan, kí n ṣílẹ̀kùn díẹ̀, kí n fi há a. Mo rò pé ó fẹ́ ká bẹ́ ni.

Ẹlẹ́nu: Ẹ bẹ́ lọ síbo? 😂😂

Mo-ti-fò-rí: Ó mọ ohun tó ń ṣe. Tí ara bàálù bá tẹ̀ nígbà tó bá gbálẹ̀, ilẹ̀kùn á há, inú ibẹ̀ lẹ máa wà.

Kò-dá-mi-lójú: Ẹ má bínú, èyí ò wọ̀ mí létí. Ẹ́ńjìnnì kú, bàálù ò já lulẹ̀ bí òkúta?

Mo-ti-fò-rí: Apá ló ń gbé e dúró lókè. 172 á lọ bí ẹsẹ̀ bàtà 9 síwájú kó tó fi 1 wálẹ̀. Láti 3,000, ó tó kìlómítà 8, tí afẹ́fẹ́ ò bá kọjú sí i.

Kò-dá-mi-lójú: Kìlómítà 8! Kí ló dé tí wọn ò padà sí pápákọ̀ nígbà náà?

Alájọrìn: Ẹ̀gbọ́n, a ti kọjá ìyẹn tipẹ́.

Awakọ̀ọ̀la: Tó bá kú nígbà tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra ńkọ́? Olùkọ́ mi ní n ò gbọdọ̀ yí padà, iwájú ni kí n balẹ̀ sí.

Mo-ti-fò-rí: Òótọ́ ló sọ. Ẹni tó bá yí nílẹ̀ẹ́lẹ̀, tí eré ẹ̀ dín kù, apá ò ní lè gbé e mọ́, kò sì ní sáyè láti tún un ṣe.

Ojú-ọ̀run-tẹ́yẹ-fò: Èmi ò gbà. Ó kù sí bẹ́ ẹ bá ṣe ga tó. Mo yí padà ní 1,000, mo balẹ̀ láyọ̀.

Mo-ti-fò-rí: Àwọn tó yí padà tí kò bọ́ sí i fún wọn ò sí níbí láti kọ tiwọn.

Ojú-ọ̀run-tẹ́yẹ-fò: Háà. Ọ̀rọ̀ ti dìjà.

Arìnjìnnà: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí Alájọrìn parí tiẹ̀!

Alájọrìn: Inú pápá la balẹ̀ sí. Fèrèsé ẹ̀gbẹ́ ni páílọ́ọ̀tì ń yọjú wò, torí iwájú ti dí. Koríko ń lu ìsàlẹ̀ bàálù pàà-pàà-pàà, ẹsẹ̀ iwájú ṣẹ́, a dúró. Kò sẹ́ni tó farapa. Bàtà mi nìkan la ò rí.

Ẹlẹ́nu: Bàtà ti bẹ́ ní tiẹ̀ 😂