Àfẹ́sọ́nà mi ní ìràwọ̀ wa kò bára mu. Ẹ gbà mí!

Àbẹ̀kẹ́: Ẹ̀yin ará, inú ń bí mi. A ti ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Màmá mi ti pín aṣọ ẹbí, a ti san àsansílẹ̀ gbọ̀ngàn, kódà ẹ̀gbọ́n mi tí kì í dá sí ọ̀rọ̀ mi ti ra bàtà. Ni ọ̀gbẹ́ni bá pè mí láti Lọ́ńdọ̀nù pé òun sanwó fún awòràwọ̀ kan, pé Scorpio ni mí (àmì ìràwọ̀ àwọn tí wọ́n bí láàárín ìparí oṣù kẹwàá sí oṣù kọkànlá), a ò ní bára wa kalẹ́. Ẹni tó kàwé ẹ̀rọ! Ṣé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti dán nǹkan yìí wò rí? Mo fẹ́ ẹ̀rí tí màá fi ránṣẹ́ sí i.

Ìyá Ìbejì: Wòlíì ló ní kí n má fẹ́ tèmi. Àwọn ìbejì wa ti wọ yunifásítì báyìí. Gbàdúrà, ọmọ mi.

Olùkọ́ Fíṣíìsì: Wọ́n ti dán an wò dáadáa. Ní 1985, onímọ̀ fíṣíìsì kan, Shawn Carlson, ní Kalifóníà kó awòràwọ̀ 28 jọ, àwọn tí ẹgbẹ́ awòràwọ̀ fúnra wọn fi ọwọ́ sọ̀yà fún. Ó fún wọn ní àwòrán ibi tí àwọn ìràwọ̀ wà lọ́jọ́ tí wọ́n bí ẹnì kan pẹ̀lú èsì ìdánwò ìwà èèyàn mẹ́ta, pé kí wọ́n mú èyí tó jẹ́ ti onítọ̀hún. Wọ́n ní àwọn á gba ó kéré tán ìdajì. Ìdá kan nínú mẹ́ta ni wọ́n gbà, bí ẹni tó dijú mú un.

Bàbá Àkàndé: Àwọn baba wa kì í fẹ́yàwó láì dá Ifá. Ẹ má fi ti òyìnbó ba àṣà jẹ́.

Olùkọ́ Fíṣíìsì: Bàbá, ta ló dárúkọ Ifá? Babaláwo kì í béèrè ibi tí Mars wà lọ́jọ́ tí wọ́n bí èèyàn.

Àbẹ̀kẹ́: Ṣùgbọ́n obìnrin awòràwọ̀ náà mọ ìwà mi o! Ó ní mo máa ń fi ọ̀rọ̀ sínú, pé mi ò kì í tètè fọkàn tán èèyàn.

Olùkọ́ Fíṣíìsì: Ta ni kò rí bẹ́ẹ̀? Ní 1948, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá kan, Bertram Forer, fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní ìwé kan náà nípa ìwà wọn, tó ṣà látinú ìwé awòràwọ̀. Kálukú rò pé tòun nìkan ni. Nínú máàkì 5, ìpíndọ́gba ohun tí wọ́n fún un, pé ó bá ìwà wọn mu, jẹ́ 4.26.

Ìyá Ìbejì: Àdúrà ni mo wí.

Àdùnní: Àbẹ̀kẹ́, ọjọ́ wo ni wọ́n bí ẹ gan-an?

Àbẹ̀kẹ́: Ìwé ìrìnnà ní oṣù kọkànlá. Bàbá mi ló bá mi búra ọjọ́ orí nígbà tí mo fẹ́ wọ sẹ́kọ́ńdìrì. Màmá ní oṣù kẹrin ni, ọdún méjì ṣáájú èyí tó wà nínú ìwé.

Olùkọ́ Fíṣíìsì: Háà! Ọjọ́ tí kì í ṣe tìrẹ ni obìnrin náà fi wò ọ́, ó sì tún “mọ ìwà rẹ”. Ẹ̀rí wo lo tún ń wá?

Àdùnní: Ṣé ọ̀gbẹ́ni mọ̀?

Àbẹ̀kẹ́: Kò béèrè. Ìwé tí kóòtù fọwọ́ sí ni mo ń lò, mi ò parọ́ fún ẹnikẹ́ni. Olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ibo ni ti Carlson yẹn ti jáde?

Olùkọ́ Fíṣíìsì: Nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì tó ń jẹ́ Nature, 5 December 1985. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ pè é, kí o sọ ọjọ́ ìbí rẹ fún un.

Àdùnní: Kó tó gbọ́ lẹ́nu Màmá.