Sẹ́ńtà yunifásítì àti ti Spain: báwo lẹ ṣe ń wọ̀n wọ́n pọ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀. Àwa mélòó kan ní Rowe Park, Yábàá, ń to àwọn sẹ́ńtà (àwọn agbábọ́ọ̀lù gíga tó ń ṣọ́ abẹ́ apẹ̀rẹ̀) tó fẹ́ wọ draft NBA, ìyẹn ètò tí líìgì ńlá Amẹ́ríkà fi ń yan agbábọ́ọ̀lù tuntun, a sì ti há sórí ọmọ méjì. Ọ̀kan wà ní yunifásítì ní Amẹ́ríkà, ó ń rí bí ìṣẹ́jú 30 gbá. Èkejì wà láàárín àwọn géńdé ní Spain, wọn kì í fún un ju 15 lọ.

A ti sọ iye àwọn méjèèjì (ayò àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ) di ti ìṣẹ́jú 36, bíi pé ìṣẹ́jú kan náà ni wọ́n ń gbá, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ti orí bẹ́ńṣì wọlé máa ń sáré àsápajúdé, ìyẹn ń bu iyọ̀ sí i. Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n mọ bọ́ọ̀lù jù, free throw (jíjù ọ̀fẹ́ lẹ́yìn fáòlù) la gbà gbọ́ ju three-point (jíjù láti ọ̀nà jíjìn) lọ, torí èyí tí sẹ́ńtà ń jù kò tó dájọ́.

Dídènà gan-an ló dà wá láàmú. Ní NCAA (ìdíje yunifásítì Amẹ́ríkà) àti lábẹ́ òfin FIBA (àjọ àgbáyé, òfin wọn ni Spain ń lò), sẹ́ńtà lè dúró sábẹ́ apẹ̀rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ní NBA, bí kò bá ṣọ́ ẹnikẹ́ni nítòsí, ìṣẹ́jú àáyá 3 péré ni. A wo fídíò pick-and-roll (kí ẹnì kan dí ọ̀nà mọ́ ẹni tó ń ṣọ́ ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ tó gbé bọ́ọ̀lù, kó sì yí sáré lọ sí apẹ̀rẹ̀): ti yunifásítì kì í tẹ orúnkún tó, gáàdì (agbábọ́ọ̀lù kékeré tó yára) á sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí danfó ṣe ń gba ẹ̀gbẹ́ tírélà l'Ójúẹlẹ́gba. Ti Spain ń gbá bọ́ọ̀lù tó ti kan irin dànù. Ní NBA, wọ́n á ka ìyẹn sí àmì ayò bó bá ṣì wà lókè ihò.

Ìbéèrè mi: kí lẹ máa ń wò nínú fídíò láti mọ̀ bóyá dídènà irú wọn á dúró ní NBA?

Ẹ má bínú pé ó gùn díẹ̀. Mo ti dúpẹ́ sílẹ̀.