Ṣé fóònù lè ta wá lólobó kí wọ́n tó ti títì?

Ọmọ Ọ̀wọ́rọ̀: Ẹ̀yin ará Èkó, nígbà tí wọ́n ń tún afárá Third Mainland ṣe ní 2020, ẹni tí ò tètè gbọ́ kàn ń kó sínú gósíló ni. Ṣé kò sí nǹkan tó lè kìlọ̀ fún wa ṣáájú ni?

Bàbá Kúnlé: Google Maps ń wo bí fóònù àwọn tó wà lójú títì ṣe ń rìn, ìgbà tí wọ́n bá há tán ni ọ̀nà yẹn máa ń pọ́n lórí máàpù rẹ̀. Ti Waze, áàpù máàpù míì, ìjọba ìlú lè fi ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ tì síbẹ̀ ṣáájú, ọ̀fẹ́ ni o.

Ìyá Ìbejì: Ẹ má gbàgbé àwa tí fóònù wa kéré, rédíò Lagos Traffic 96.1 FM ni mò ń gbọ́ kí n tó lọ ra tòmátì ní Mile 12. Kí wọ́n fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ ní Yorùbá, kí wọ́n dárúkọ bọ́sítọ́ọ̀pù.

Ọmọ Ọ̀wọ́rọ̀: Ẹ ṣé mà, tẹ́ẹ̀sì yẹn ni mo fara mọ́ jù.