Báwo lẹ ṣe ń ya concept map fún iṣẹ́ gàrí tí kì í dàrú?

Àkànkẹ́ Ẹlẹ́gàrí:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Èmi àti màmá mi àti àwọn ìyá kan ládùúgbò fẹ́ dá ibi tá a ti máa ṣe gàrí sílẹ̀, gbogbo èrò wa ló wà nínú ìwé, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́, ilẹ̀, igi ìdáná, àpò, ta ló máa rà á, àmọ́ tí mo bá ti ṣí ìwé yẹn orí mi á kàn máa gbóná ni. Ẹnì kan ní kí n ya concept map, àwòrán tó ń fi bí èrò kan ṣe so mọ́ èkejì hàn. Mo kọ GÀRÍ sí àárín, mo fa ìlà lọ sọ́dọ̀ gbogbo ohun tó kù bí ẹsẹ̀ aláǹtakùn, mo wò ó títí, kò sọ nǹkan tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ fún mi. Ṣé bó ṣe máa ń rí nìyẹn? Fóònù nìkan ni mo ní o.

Tíṣà Sáyẹ́ǹsì:
Àbúrò, mind map lo yà yẹn. Kò burú tó o bá fẹ́ kó èrò jọ kíá, àmọ́ concept map yàtọ̀. Joseph Novak àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì Cornell l'Ámẹ́ríkà ló gbé e jáde ní 1972, wọ́n ń wò ó bí òye àwọn ọmọdé nípa sáyẹ́ǹsì ṣe ń yí padà, wọ́n wá ń wá bí wọ́n ṣe máa ya ohun tí ọmọ kan mọ̀ sórí pépà. Inú ọ̀rọ̀ tó wà lórí ìlà gan-an niṣẹ́ wà. Tó o bá ka àpótí kan tó o kọ èrò sí, ọ̀rọ̀ orí ìlà, àti àpótí kejì pa pọ̀, kó jẹ́ gbólóhùn téèyàn lè sọ pé òótọ́ ni àbí irọ́ ni. "Ẹ̀gẹ́ tá a fà tu" → "á bàjẹ́ láàárín ọjọ́ mélòó kan tí kò bá tètè dé" → "ìdí ẹ̀rọ". Tó ò bá rí ọ̀rọ̀ kọ sórí ìlà, pa ìlà yẹn rẹ́ jàre. Ìbéèrè kan ni kó o sì kọ sókè pátápátá, kì í ṣe "gàrí" lásán: kí ló máa jẹ́ kí gàrí wa máa jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀?

Ìyá Ìbejì:
Ọmọ mi, fi fóònù sílẹ̀ ná. Gé pépà wẹ́wẹ́, nǹkan kan lórí ẹyọ kan, tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó o máa sún un kiri, bí ogún pépà ti tó. CmapTools, ètò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ya irú map yìí, wà tó jẹ́ ọ̀fẹ́, àmọ́ ìyẹn dọjọ́ mìíràn. Wá ìlà tó fò láti apá kan lọ sí apá kejì, ibẹ̀ ló dùn. Àpẹẹrẹ, omi tó ń ṣàn lára ẹ̀gẹ́ tẹ́ ẹ bá fi jáàkì fún un, májèlé wà nínú ẹ̀, "lè ba" → "kànga" jẹ́, ọ̀rọ̀ jáàkì ti di ọ̀rọ̀ ilẹ̀ nìyẹn.

Ayékòótọ́:
Sístà, map ò mọ ọjọ́ o, kò sì mọ owó. Tẹ́ ẹ bá yà á tán, ẹ kọ orúkọ ẹni tó máa ṣe nǹkan kọ̀ọ̀kan àti ọjọ́ tó máa ṣe é, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwòrán lásán lẹ máa lẹ̀ mọ́ ògiri.

Àkànkẹ́ Ẹlẹ́gàrí:
Ẹ ṣé gan-an ni. A tẹ́ pépà sí pálọ̀, màmá náà dá sí i. Ẹ̀rọ rinrin la rò pé ó máa dà wá láàmú, àṣé jáàkì ni, torí gàrí tó kan dáadáa làwọn oníbàárà wa ń fẹ́, àpò á wà lábẹ́ ẹ̀ fún bí ọjọ́ mẹ́ta, níbo la wá fẹ́ gbé èyí tá a bá rin lọ́jọ́ kejì sí? Tíṣà, ṣé ọfà lè padà sẹ́yìn, láti owó gàrí wá sídìí ẹ̀gẹ́?

Tíṣà Sáyẹ́ǹsì:
Ó lè padà, ṣáà kọ ọ̀rọ̀ sí i. "Owó gàrí" → "la máa fi ra" → "ẹ̀gẹ́ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀". Wá fi àpótí "àwìn" sáàárín àwọn méjèèjì, kó o wo ibi tí ọfà máa gbà.