Mo ń tẹ̀ lé ìlànà Ayurveda nígbà ìwọ́wé, síbẹ̀ ara mi kò balẹ̀

Olùbéèrè: Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Láti ìgbà tí ewé ti ń wọ́, tí atẹ́gùn gbígbẹ sì ti gbòde, ni mo ti ń tẹ̀ lé ìlànà Ayurveda, ìṣègùn ìbílẹ̀ ilẹ̀ Íńdíà, kí Vata mi, agbára inú ara tí wọ́n ní ó jẹ mọ́ atẹ́gùn, má baà ru sókè. Mo ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́, mo ń ha ahọ́n mi, mo sì ń fi òróró yánmọtí lílọ́wọ́ọ́wọ́ para láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀ kí n tó wẹ̀. Ọkọ mi ní òróró ti ba aṣọ ibùsùn jẹ́, àwọn àbúrò rẹ̀ sì ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo ń tọ́jú wọn nígbà tí òtútù bá mú wọn. Pẹ̀lú gbogbo wàhálà yìí, n kì í sùn lóru, àyà mi ń lù kì-kì-kì, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, mo sì ń rù. Kí ni kí n fi kún un?

Ìyá Ayọ̀: Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Vata gbẹ, ó tutù, ó sì fúyẹ́. Ohun tó gbóná, tó sì lọ́ràá ni a fi ń tù ú. Máa jẹ oúnjẹ sísè ní àkókò kan náà lójoojúmọ́. Òróró yìí náà ni mo fi ń ra orúnkún mi, n kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni bá mi sọ̀rọ̀ aṣọ ibùsùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ ó máa wo fóònù di ọ̀gànjọ́, ẹ ó sì ní oorun kò kùn yín.

Bọ̀dá Fẹ́mi: Ẹ má bínú, mà, n kò fara mọ́ èyí. Nínú Charaka Samhita, ìwé Ayurveda àtijọ́, ìgbà òjò ni Vata ń ru. Pitta, agbára inú ara tó jẹ mọ́ iná, ló ń ru ní Sharad, ìgbà ìwọ́wé àwọn ará Íńdíà. Oúnjẹ tó dùn tàbí tó korò díẹ̀, àti ghee, bọ́tà yíyọ́, ni wọ́n yàn fún un. Ẹni tí àyà rẹ̀ ń lù, tó tún ń fi òróró tó ń mú ara gbóná para, ṣé kì í ṣe pé ó ń da epo síná?

Àǹtí Ṣadé: Òtítọ́ lẹ kà, bọ̀dá, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Íńdíà ni wọ́n ti kọ ọ́, níbi tí oòrùn líle ti ń tẹ̀ lé òjò. Níbi tí ìgbà ìwọ́wé ti jẹ́ òtútù àti atẹ́gùn gbígbẹ, ìwà Vata ni ojú ọjọ́ ń hù.

Olùbéèrè: N kì í wo fóònù lóru, mà. Gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀ ni mo ti ń ṣe. Mo tilẹ̀ ń po lúbúlúbú gbòǹgbò ashwagandha mọ́ mílíìkì gbígbóná ní alaalẹ́, nítorí wọ́n ní ó ń fúnni lóorun. Nígbà tí oorun kò wá, mo fi kún un.

Nọ́ọ̀sì Bísí: Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ashwagandha ni àyà yín ti ń lù bẹ́ẹ̀, àbí lẹ́yìn rẹ̀? Ǹjẹ́ ẹ ń lo oògùn kankan tí dókítà fún yín?

Olùbéèrè: Lẹ́yìn rẹ̀ ni. Levothyroxine, oògùn tó ń dípò họ́mọ́ònù thyroid, nìkan ni mò ń lò, nítorí thyroid mi, ẹṣẹ́ inú ọrùn tó ń ṣe họ́mọ́ònù náà, kò ṣiṣẹ́ tó. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń lò ó, kò sì yọ mí lẹ́nu rí. Lójú tèmi, ẹ̀sín tí wọ́n ń fi mí ṣe nínú ilé ló lé oorun mi lọ.

Nọ́ọ̀sì Bísí: Ọ̀rọ̀ ti kúrò ní Vata àti Pitta, ẹ̀gbọ́n. Ashwagandha lè mú kí họ́mọ́ònù thyroid pọ̀ sí i. Bí oògùn tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà bá tún wà lára, ó lè pọ̀ jù, gbogbo ohun tí ẹ sì kà sílẹ̀ yẹn wà lára àmì rẹ̀. Ẹ dá lúbúlúbú náà dúró, ẹ má ṣe dá levothyroxine dúró fúnra yín, kí ẹ sì pe dókítà yín lónìí kí wọ́n lè yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò. Ẹ dárúkọ ashwagandha fún wọn. Bí àyà bá ń dùn yín, tàbí tí ẹ kò lè mí dáadáa, ilé ìwòsàn pàjáwìrì ni kí ẹ gbà lọ.

Ìyá Ayọ̀: Háà, èmi náà ń lo nǹkan yẹn fún orúnkún, kò sì sẹ́ni tó bi mí léèrè oògùn.

Olùbéèrè: Mo ti gbọ́, n ó pè wọ́n lọ́la. Òróró ńkọ́? N kò fẹ́ kí ọkọ mi yọ̀ mí.

Nọ́ọ̀sì Bísí: Kì í ṣe lọ́la, ẹ̀gbọ́n, ìsinsìnyí ni. Ẹ lè máa fi òróró para bí kò bá ti mú kí ara yín sú. Kí ẹ sáà fi ọṣẹ fọ àtẹ́lẹsẹ̀ dáadáa kí ẹ tó rìn nínú balùwẹ̀, torí ó ń yọ̀.