Kí ló dé tí iṣan iwájú àti ẹ̀yìn itan fi ń le pọ̀ nígbà tí a bá ń dìde lórí àga?

Ìbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n kọ́ wa pé bí iṣan kan bá súnkì, èyí tó wà ní òdìkejì rẹ̀ yóò dẹ̀. Àmọ́ nígbà tí mo gbé ọwọ́ kan lé iwájú itan, tí mo ki èkejì bọ abẹ́ rẹ̀, tí mo sì rọra dìde lórí àga, méjèèjì ló le gbagidi. Báwo ni orúnkún ṣe ń nà nígbà tí iṣan ẹ̀yìn tó ń ká a kò dẹ̀?

Ìdáhùn kìíní
Òótọ́ ni ohun tí ẹ fọwọ́ bà. Warren Lombard, onímọ̀ nípa bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́, ará Amẹ́ríkà, ti kọ nípa rẹ̀ ní 1903. Púpọ̀ nínú iṣan ẹ̀yìn itan bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ egungun ìdí, wọ́n sì gba ẹ̀yìn orúnkún kọjá kí wọ́n tó so mọ́ egungun ẹsẹ̀, nítorí náà bí wọ́n ṣe ń ká orúnkún ni wọ́n ń na ìgbáròkó. Ọ̀kan nínú iṣan mẹ́rin iwájú itan náà gba oríkèé méjèèjì, òun ń na orúnkún, ó sì ń ká ìgbáròkó. Èyí tó bá gba ibi tó jìnnà jù sí àárín oríkèé ni agbára rẹ̀ ń borí níbẹ̀. Ní ìgbáròkó, ti ẹ̀yìn ni. Ní orúnkún, ti iwájú ni, pàápàá nítorí pé egungun kékeré ojú orúnkún tì í síwájú. Bí oríkèé méjèèjì ṣe ń nà pọ̀ nìyẹn.

Ìdáhùn kejì
Ẹ jẹ́ kí a fi ọrùn ẹsẹ̀ kún un. Iṣan ńlá ẹ̀yìn ojúgun bẹ̀rẹ̀ lókè orúnkún, ó sì parí sí gìgísẹ̀. Bí a bá fẹ́ fò, bí orúnkún ṣe ń nà ni iṣan yìí ń fa gìgísẹ̀ sókè, tí agbára iwájú itan sì ń ti ipasẹ̀ rẹ̀ dé ilẹ̀. Èyí wú mi lórí gan-an.

Olùbéèrè
Ẹ ṣeun púpọ̀. Bí mo bá wá ń jókòó padà ńkọ́, ṣé iṣan ẹ̀yìn ló ń ká orúnkún?

Ìdáhùn kìíní
Rárá o. Ìwúwo ara fúnra rẹ̀ ló ń ká a. Iṣan iwájú itan ló ń dá a dúró díẹ̀díẹ̀, ó ń gùn sí i bó ti le tó, kí ẹ má baà já lu àga. Bákan náà ló rí bí a bá ń sọ̀kalẹ̀ lórí òkè, ìdí nìyẹn tí itan fi sábà máa ń ro èèyàn lẹ́yìn ìsọ̀kalẹ̀ gígùn ju lẹ́yìn pípọ́n òkè lọ.