SQL Server 2000 ṣì ń ṣiṣẹ́ níbi iṣẹ́ wa, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ibi iṣẹ́ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sí ṣì ń lo SQL Server 2000, ètò Microsoft àtijọ́ tí wọ́n fi ń tọ́jú dátà, àyà mi sì ń já. Ṣé ẹ rántí Slammer, kòkòrò orí kọ̀ǹpútà tó kọlu irú ètò yìí ní oṣù kìíní ọdún 2003? Ọ̀rọ̀ tó gùn ju àyè tí wọ́n ṣètò fún un ló ń fi ránṣẹ́ sí pọ́ọ̀tù UDP 1434, ìyẹn ojú ọ̀nà kan tí ètò náà fi ń gba ọ̀rọ̀ láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Á kún àkúnwọ́sílẹ̀, á sì gba àkóso ẹ̀rọ. Báìtì 376 péré ni gbogbo kòkòrò náà! Bẹ́ẹ̀, àtúnṣe rẹ̀ ti jáde láti oṣù keje ọdún 2002.

Ọ̀gá mi ní ẹ̀rọ náà ò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu rí, kí n má fọwọ́ kàn án. Tí mo bá ti pọ́ọ̀tù 1434 pa, ṣé ó tó ná? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kó dátà kúrò lórí irú rẹ̀, báwo lẹ ṣe bá ọ̀gá yín sọ ọ́ tó fi gbà?